Píánò tó ń tẹ ara ẹ̀: kí ló dé tí orin ń dún tí eyín ò sì mira?

Àbúrò mi kan, ọmọ Kétu, tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan níbí l'Ájàṣẹ́ ló kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp. Ọ̀gá ẹ̀ ra píánò àlòkù láti Faransé, irú tó ń tẹ ara ẹ̀ yẹn, tí eyín ẹ̀ á máa lọ sókè sódò bí ẹni pé iwin ló jókòó sídìí ẹ̀. Èmi tí mò ń tẹ píánò ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo sì ń tún un ṣe ló wá bá. Mo kó ọ̀rọ̀ náà síbí torí kì í ṣe òun nìkan ló ń bi mí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Mo fi bluetooth so pọ́tábù mi mọ́ píánò náà, orin ń dún lára sípíkà ẹ̀ dáadáa, àmọ́ eyín kan ò mira. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́ jàre. Ohun tó o fi ránṣẹ́ sí i ni kì í ṣe tiẹ̀. Bluetooth tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà ọ̀tọ̀, èyí tó ń gbé MIDI ọ̀tọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ pé méjì ni wọ́n. MIDI, tó ti wà láti 1983, kì í ṣe ohùn rárá, àṣẹ ni: tẹ dó tàárín, fi agbára 64 tẹ̀ ẹ́, ó tó, jù ú sílẹ̀. Agbára yẹn ò ju 127 lọ. Lábẹ́ ìdí eyín kọ̀ọ̀kan nínú 88 yẹn, wáyà tí wọ́n wé ló wà níbẹ̀, irin kékeré wà láàárín ẹ̀, tí iná bá ti wọnú wáyà, irin á fò sókè, á ti eyín, òòlù á lọ gbá okùn. Tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, píánò gangan lò ń gbọ́, kì í ṣe sípíkà. Tí àṣẹ ò bá dé ọ̀dọ̀ irin yẹn, o lè kọ orin sí i létí títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ṣé mi ò lè sọ mp3 tó wà lórí pọ́tábù mi di MIDI?

Ẹni tó bá fún ẹ lọ́bẹ̀ pé kó o ṣa ata inú ẹ̀ padà sọ́tọ̀, kí lo máa sọ fún un? Àwọn áàpù kan ń gbìyànjú ẹ̀, tó bá jẹ́ píánò nìkan ló ń dún ó máa ń ṣe díẹ̀díẹ̀, àmọ́ tí ìlù àti akọrin bá ti wọ̀ ọ́, rádaràda ló máa ń yọ. Wá fáìlì MIDI fúnra ẹ̀. Kì í wúwo: orin ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mp3 lè tó mẹ́gà mẹ́ta, ti MIDI kì í sábà tó ìdá mẹ́wàá mẹ́gà kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rí ọ̀pọ̀ orin kó sínú dísíkẹ́ẹ̀tì kan láyé ijọ́un.

Ihò dísíkẹ́ẹ̀tì ló wà níwájú tiwa. Ṣé ó lè gba orin láìsí wáyà?

Ó lè gbà á. Wo ẹ̀yìn ẹ̀ tàbí abẹ́ ẹ̀, wàá rí ihò rọ́bọ́tọ́ méjì, kọ̀ọ̀kan ní ihò tín-ín-rín márùn-ún nínú, wọ́n kọ MIDI IN àti MIDI OUT sí wọn lára. Adapter kékeré kan wà, tó ń fi bluetooth gba MIDI, tí wọ́n ń kì bọ inú méjèèjì, púpọ̀ nínú wọn máa ń gba iná lára OUT yẹn náà. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà rèé o: má lọ wá a níbi bluetooth ti pọ́tábù bó o ṣe ń wá sípíkà, inú áàpù orin tó gbọ́ MIDI ni kó o ti wá a, kó o tẹ orúkọ ẹ̀ níbẹ̀. Mo fi ọ̀sán kan gbáko jẹ̀yà kí n tó mọ̀yẹn.

Àwọn tuntun ńkọ́? Ṣé dandan ni íntánẹ́ẹ̀tì?

Steinway Spirio tó jáde ní 2015, iPad ni wọ́n fi ń darí ẹ̀. Disklavier ti Yamaha, tí wọ́n ti ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1987, áàpù ló wà fún àwọn tuntun ẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì wúlò tó o bá fẹ́ gba orin láti òkèèrè. Àmọ́ kí pọ́tábù àti píánò kan máa bára wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé, wifi nìkan ti tó, kódà kí mẹ́gà tán. Ohun tó máa dà yín láàmú ní òtẹ́ẹ̀lì ni wifi àwọn àlejò, wọ́n sábà máa ń dí i kí ẹ̀rọ kan má rí ìkejì, wàá máa wo áàpù, á ní òun ò rí píánò kankan. Wifi ọ́fíìsì ni kẹ́ ẹ gbé e sí.

Ó wá kù kan: tí mo bá fi kíbọ́ọ̀dù darí ẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn.

Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni! Òòlù tó ń gbá jẹ́jẹ́ máa ń pẹ́ dé ìdí okùn ju èyí tó ń gbá kíkan lọ, tí píánò bá ń ṣe àṣẹ bó ṣe ń dé, orin á wọ́. Disklavier máa ń dá gbogbo ẹ̀ dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, á wá ṣírò ìgbà tó yẹ kí eyín kọ̀ọ̀kan gbéra kí wọ́n lè dún lásìkò. Orin tó ti wà nínú fáìlì ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu, àmọ́ má gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú akọrin tó dúró síwájú ẹ, ojú á tì ẹ́.

Ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ná, kí n rí ihò yẹn kẹ́ ẹ tó lọ náwó sórí adapter.