Ìṣirò àdánù agbára nínú mọ́tò iná àti jẹnẹrétọ̀

Ìṣirò àdánù agbára ni ọ̀nà tí àwọn ẹnjiníà ń gbà mọ iye agbára tó ń bọ́ dànù nínú mọ́tò iná tàbí jẹnẹrétọ̀, àti ibi tó ti ń bọ́. Mọ́tò ń gba iná kó lè yí. Jẹnẹrétọ̀ ni nǹkan mìíràn ń yí kó lè mú iná jáde. Kọ́ìlì, irin àti òòfà ló wà nínú àwọn méjèèjì, nítorí náà ìṣirò kan náà ló bá wọn mu. Agbára tó wọlé máa ń ju èyí tó jáde lọ, ìyàtọ̀ wọn ni àdánù, ooru sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pátápátá.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan aráàlú jù ni ilé ọlọ àti ilé gàrí tó ń lo iná, pọ́ńpù tó ń fa omi, àti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń rìwáyà mọ́tò tó bá jóná. Ní Yunifásítì LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1990, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ iná wà lára ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ iná mànàmáná ń kọ́.

Inú wáyà

Èyí ló rọrùn jù. James Joule, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ló tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1841: P = I²R. I ni ìṣàn iná, R ni ìdènà wáyà. Bí ìṣàn bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin.

R kì í dúró lójú kan. Bàbà tó gbóná ń dènà iná ju èyí tó tutù lọ. Láti 20°C dé 120°C, ìdènà rẹ̀ ń fi nǹkan bí 39% lé sí i. Ẹni tó bá fi mítà wọn kọ́ìlì láàárọ̀ kí wọ́n tó tan mọ́tò, tó sì fi nọ́ńbà yẹn ṣírò, á rí àdánù tó kéré ju òótọ́ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣírò iná àti ooru pọ̀: ooru ń gbé ìdènà sókè, ìdènà ń gbé ooru sókè, wọ́n á sì máa tún un ṣírò títí nọ́ńbà méjèèjì á fi bára mu.

Iná tó rẹlẹ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní mọ́tò ọlọ tí wọ́n ṣe fún 415 V ń gba 360 V péré. Àgbàdo tó wà nínú ọlọ kò mọ̀ pé iná rẹlẹ̀. Ẹrù tó ti wà lọ́rùn mọ́tò náà ló ṣì wà níbẹ̀. Mọ́tò á fa ìṣàn tó fi nǹkan bí 15% ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ooru inú bàbà á sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i. Ooru inú irin á dín kù díẹ̀, nítorí òòfà ti rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá kún, èrè yẹn kì í tó san gbèsè tó wà nínú bàbà. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ kan nínú iṣẹ́ yìí ni pé bí kọ́ìlì bá fi 10°C gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ọjọ́ ayé ìbòrí wáyà rẹ̀ á dín sí ìdajì.

Inú irin

Lórí iná Nàìjíríà, irin tí wọ́n wé kọ́ìlì sí ń gba òòfà lọ, ó ń gbà á bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyípadà kọ̀ọ̀kan ń ná agbára díẹ̀. Charles Proteus Steinmetz, ọmọ Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìṣirò èyí jáde ní 1892. Ó ní agbára tí ìyípadà kan ń ná ń tẹ̀lé agbára òòfà, B, tí a gbé dé pawa 1.6 (B^1.6). Inú nọ́ńbà tó wọn ló ti fa 1.6 yìí yọ. Kò sí òfin ìjìnlẹ̀ kankan tó bí i.

Ọ̀nà kejì ni iná tó ń yí po nínú irin fúnra rẹ̀, èyí tí Léon Foucault fi hàn ní ilẹ̀ Faransé ní 1855. Òun ló fà á tí wọn kì í fi odidi irin ṣe inú mọ́tò. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tò lé ara wọn, tí wọ́n fi ohun tí kì í gba iná bò lójú. Àdánù yìí ń tẹ̀lé nínípọn irin ní ìlọ́po ara rẹ̀: irin 0.35 mm dípò 0.50 mm ń dín in kù sí nǹkan bí ìdajì. Ní 1988, Giorgio Bertotti ará Ítálì ṣàlàyé apá kẹta kan, ìṣirò tí wọ́n sì ń lò púpọ̀ báyìí ni:

P = k₁·f·Bⁿ + k₂·f²·B² + k₃·f^1.5·B^1.5

f ni iye ìyípadà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, n sì ni nọ́ńbà tí wọ́n ń fà yọ nínú ìwọ̀n, bíi 1.6 ti Steinmetz. Ara irin tí wọn ò tíì gún, tí wọn ò sì tíì fún pọ̀, ni wọ́n ti ń wọn àwọn k wọ̀nyí, nítorí náà àdánù inú mọ́tò gidi máa ń ju èyí tí ìṣirò sọ lọ. Àwọn ẹnjiníà á wá fi nọ́ńbà kan gbé e sókè, èyí tí ìrírí nìkan ń kọ́ni.

Èyí tó ṣòro jù

Bẹ́ríìnì ń fi ara ha ara, fáànù ń ti afẹ́fẹ́. Níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kábọ́ọ̀nù bá wà, nǹkan bí 2 V ń sọnù lórí méjì. Láti ya ti bẹ́ríìnì àti fáànù sọ́tọ̀ kúrò lára ti irin, wọ́n ń jẹ́ kí mọ́tò yí láìsí ẹrù, wọ́n á máa dín fólítéèjì kù, wọ́n á sì fa ìlà àdánù náà dé ibi tí fólítéèjì á ti jẹ́ òfo lórí ìwé. Ohun tó bá kù níbẹ̀, ti yíyí nìkan ni.

Àdánù afikún ló ń yọ oníṣirò lẹ́nu: èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo èyí tó lórúkọ kúrò. Òòfà tó yà kúrò lójú ọ̀nà àti eyín irin tó ń kọjá lójú ara wọn ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìlànà àtijọ́ ti IEC, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ohun èlò iná, kàn ń ka 0.5% agbára tó wọlé sí i. Ìlànà IEC 60034-2-1, níbi tí wọn kò bá ti wọ̀n ọ́n, ń ka 2.5% fún mọ́tò 1 kW, ó sì ń dín kù títí dé 0.5% fún ti 10,000 kW. Ó hàn pé ìwé ẹ̀rí mọ́tò kékeré àtijọ́ dára ju mọ́tò fúnra rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ gbọ́.

Ìpele IE1 dé IE5 ni wọ́n ń fi pín àwọn mọ́tò báyìí. Mọ́tò 7.5 kW onípólù mẹ́rin ní IE1 gbọ́dọ̀ mú 86.0% agbára tó gbà jáde, ti IE3 gbọ́dọ̀ mú 90.4%. Bí ẹrù bá kún, àdánù ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí 1.2 kW, ti èkejì nǹkan bí 0.8 kW.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, àdánù inú irin àti ti yíyí kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù bí ẹrù bá kéré. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń tan gílóòbù méjì ń san owó wọn ní kíkún, yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì tó ń yí i, tó pọ̀ jù gbogbo wọn lọ. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò yípo geere ń fi àdánù kún ti irin àti ti bàbà. Fáànù tó ń hùn lórí rẹ̀ tún ń gbóná ju ti iná ìjọba lọ.

Lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń gé àwòrán inú mọ́tò sí igun mẹ́ta wẹ́wẹ́, wọ́n á ṣírò òòfà inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. FEMM, sọ́fítíwíà irú iṣẹ́ yìí tí David Meeker ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́, kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán sì lè gbé e.

Lẹ́yìn rìwáyà

Ìṣirò ilé iṣẹ́ kì í bá mọ́tò tí wọ́n ti rìwáyà mu mọ́. Bí wọ́n bá fi iná jó kọ́ìlì àtijọ́ kúrò láìwọn ooru, ìbòrí tó wà láàárín irin pẹlẹbẹ lè jóná, iná á sì máa ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ìlànà ẹgbẹ́ onítúnṣe EASA ní kí ooru náà má kọjá nǹkan bí 370°C. Wáyà álúmíní tí wọ́n fi bàbà bò tún wà lọ́jà: ìdènà álúmíní tó nǹkan bí 1.6 ti bàbà. Bí oníṣẹ́ bá wọn ìṣàn mọ́tò láìsí ẹrù kó tó dá a padà, tó sì rí i pé ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lórí fólítéèjì kan náà, ó ṣeé ṣe kí iye ìgbà tí wọ́n wé kọ́ìlì kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ tàbí kí irin ti bàjẹ́.