Bí eques ṣe ń gun àkàsọ̀ iṣẹ́ ọba ní Róòmù àtijọ́

Ẹni tó bá ti ka ìtàn Róòmù díẹ̀ yóò ti pàdé ọ̀rọ̀ yìí: eques. Bí wọ́n bá pọ̀, equites là ń pè wọ́n. Ẹlẹ́ṣin ni ìtumọ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹ má rò pé sójà orí ẹṣin lásán ni. Ipò ni láwùjọ, ipò àwọn olówó tó tẹ̀ lé ti àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ àgbà, ìyẹn Sẹ́nétì. Láti ayé Augustus, Késárì àkọ́kọ́, ẹni tó bá máa jẹ́ eques gbọ́dọ̀ ní dúkìá tó tó 400,000 sestertius (owó tí wọ́n ń ná ní Róòmù), kó sì jẹ́ ọmọ tí a kò bí sóko ẹrú. Ti ọmọ Sẹ́nétì jẹ́ 1,000,000. Eques a máa wọ òrùka wúrà, ìlà elésè àlùkò tín-ín-rín sì máa ń wà lára aṣọ rẹ̀ (ti ọmọ Sẹ́nétì fẹ̀ ju ìyẹn lọ). Bó bá dé ilé eré, ìlà ìjókòó mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ wà fún òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ wọn ló wù mí láti ṣàlàyé, nítorí ibẹ̀ gan-an lèèyàn ti lè rí bí Róòmù ṣe ń ṣàkóso ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń darí ẹlẹ́ṣin lójú ogun lónìí lè di ẹni tó ń bójú tó owó orí odindi ẹkùn kan lọ́dún mélòó kan sí i. Késárì nílò ẹni tó mọ ogun, tó mọ owó, tí kò sì wá láti inú àwọn ìdílé ńlá Sẹ́nétì tó lè máa ṣojú kòkòrò sí ìtẹ́. Eques bá a mu wẹ́kú, torí pé ọwọ́ Késárì ló ti ń gba gbogbo ipò tó bá dé. Ẹ wo Íjíbítì, níbi tí ọkà tó ń bọ́ ìlú Róòmù ti ń wá. Augustus kò gbà kí ọmọ Sẹ́nétì kankan tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Eques kan, Cornelius Gallus, ló kọ́kọ́ fi ṣe olórí ibẹ̀ ní ọdún 30 ṣáájú ìbí Kristi.

Àkàsọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ látorí tres militiae, iṣẹ́ ológun mẹ́ta. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọkùnrin náà ṣe olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ bí 500, tí púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ onílùú Róòmù. Lẹ́yìn èyí, yóò di tribunus, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá nínú legio, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá tó ń lọ sí bí 5,000. Ẹ̀kẹta ni olórí ala, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin bí 500. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ̀kẹrin kún un, ala ẹlẹ́ṣin 1,000, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ti ibí padà sílé lọ di ẹni ńlá nílùú wọn.

Ẹni tí ọ̀nà bá là fún ló ń di procurator. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba owó orí ẹkùn tó bá wà, láti máa san owó oṣù àwọn ọmọ ogun ibẹ̀, àti láti máa mójú tó dúkìá Késárì. Owó tó ń gbà lọ́dún ló fún ipò rẹ̀ lórúkọ: ẹni tó ń gba 60,000 sestertius ni sexagenarius, ti 100,000 ni centenarius, ti 200,000 ni ducenarius. Sójà lásán nínú legio, láyé Késárì Marcus Aurelius, 1,200 ló ń gbà lọ́dún. Owó centenarius kan á san ti sójà tó lé ní 80.

Gómìnà ẹkùn kọ́ ni ọ̀gá procurator. Késárì fúnra rẹ̀ ni procurator ń jíhìn fún, èyí sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn tí ọbabìnrin Boudica dìtẹ̀ sí Róòmù ní Bìrìtéènì ní nǹkan bí ọdún 60, procurator tó wà níbẹ̀, Catus Decianus, tí ìwọra rẹ̀ wà lára ohun tó bí ọ̀tẹ̀ náà, sá lọ sí Gaul, ilẹ̀ tó di Faransé lónìí. Classicianus ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Gómìnà Suetonius Paulinus ṣì ń fìyà jẹ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà kíkankíkan. Classicianus bá kọ̀wé sí Róòmù pé ogun kò ní tán àfi tí wọ́n bá pààrọ̀ gómìnà. Nígbà tó yá, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Òkúta ibojì Classicianus, tí ìyàwó rẹ̀ Julia Pacata gbé kalẹ̀, wà ní British Museum ní London.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù láti fi ṣe àpẹẹrẹ ni Marcus Valerius Maximianus, ọmọ Poetovio, ìlú tó ń jẹ́ Ptuj ní Slovenia báyìí. Wọ́n rí òkúta kan ní Zana ní Algeria, tí ìgbìmọ̀ ìlú ibẹ̀ fi bu ọlá fún un, gbogbo iṣẹ́ tó ṣe ni wọ́n sì kọ sára rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó darí àwọn ẹlẹ́sẹ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ nínú ogun Parthia, ilẹ̀ ọba ńlá kan ní ìlà oòrùn. Nígbà tí ogun àwọn ará Jámánì dé etí odò Danube, Marcus Aurelius yàn án pé kó máa fi ọkọ̀ ojú omi kó oúnjẹ lọ fún àwọn ọmọ ogun Pannonia, ẹkùn kan létí odò náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló di olórí ala, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa Valao, olórí àwọn Naristae, ẹ̀yà Jámánì kan. Késárì fúnra rẹ̀ yìn ín ní gbangba, ó fún un ní ẹṣin àti ohun ìjà, òkúta náà kò sì gbàgbé láti sọ ọ́.

Ní ọdún 175, ọ̀gágun Avidius Cassius dìtẹ̀ sí Késárì ní ìlà oòrùn. Maximianus ni wọ́n ní kó kó ẹlẹ́ṣin àwọn ẹ̀yà Marcomanni, Quadi àti Naristae lọ síbẹ̀, Naristae tí òun fúnra rẹ̀ pa olórí wọn yẹn náà ni o! Ipò centenarius ni wọ́n fún un fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà, owó rẹ̀ tún ròkè, ó di procurator Moesia Inferior, ẹkùn kan létí odò Danube. Ẹ má rò pé ìdí ìwé ìṣirò ló jókòó sí o. Lásìkò kan náà, ó ń kó ọmọ ogun lọ lé àwọn ọlọ́ṣà ní ààlà Macedonia àti Thrace. Ó tún ṣe procurator Moesia Superior, ó sì ṣe ti Dacia Porolissensis, ẹkùn kan ní ilẹ̀ tó di Romania lónìí, níbi tó jẹ́ pé procurator ni gómìnà.

Ìhín ni ọ̀nà rẹ̀ ti yà kúrò lára ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òkè àkàsọ̀ tí eques tó bá rìnnà kore ń fojú sùn ni olórí àwọn panápaná Róòmù, olórí ọkà, olórí Íjíbítì, àti olórí ẹ̀ṣọ́ Késárì. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí Íjíbítì, ọmọ Sẹ́nétì nìkan ló lè darí odindi legio, bẹ́ẹ̀ ogun Danube ń fẹ́ ọwọ́ Maximianus. Marcus Aurelius bá sọ ọ́ di ọmọ Sẹ́nétì. Legio mẹ́fà ló darí lẹ́yìn náà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, èyí tó kẹ́yìn sì ni III Augusta, ní ilẹ̀ tó di Algeria lónìí. Ó tún jẹ consul, ọ̀kan lára àwọn oyè tó ga jù ní Róòmù.

Ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, Késárì Gallienus mú agbára ogun kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ Sẹ́nétì pátápátá, àwọn equites sì bẹ̀rẹ̀ sí í darí legio láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọmọ Sẹ́nétì.