Bí Ẹ̀kọ́ Tí Ọmọ Yàn ní SS1 Ṣe Ń Kan Kọ́ọ̀sì Tí Yóò Kà ní Yunifásítì

Ní Nàìjíríà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti yege nínú ìdánwò JSS3, tó sì wọ SS1, ni ilé ẹ̀kọ́ máa ń ní kó yan ọ̀nà kan: sáyẹ́ǹsì, àáàtì tàbí kọmáṣà. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ju ọdún 14 tàbí 15 lọ, ibi tí ọ̀rẹ́ wọn ń lọ tàbí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń sá fún sì ni wọ́n sábà máa ń wò. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta gbáko ni WAEC ń dán wò, ẹ̀kọ́ tí ọmọ bá sì pa tì ní SS1 máa ń nira láti padà sí ní SS3.

Ohun méjì ni yunifásítì ń béèrè, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Èkíní ni krédíìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, láàárín ìjókòó ìdánwò kan tàbí méjì. A1 ni máàkì tó ga jù, F9 ló kéré jù, C6 sì ni krédíìtì parí sí; D7 kì í ṣe ìjákulẹ̀ pátápátá, àmọ́ yunifásítì kì í kà á mọ́ krédíìtì. Krédíìtì Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan, ti ìṣirò náà sì pọn dandan fún kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Èkejì ni ìdánwò ìgbàwọlé JAMB, tí í ṣe ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí àpapọ̀ máàkì wọn jẹ́ 400: Gẹ̀ẹ́sì, àti mẹ́ta tó bá kọ́ọ̀sì tí ọmọ yàn mu.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ bá kọ́ọ̀sì mu yìí ló ń ti ọ̀pọ̀ ọmọ sẹ́yìn. Ìmọ̀ ìṣègùn ń fẹ́ físíìsì, kẹ́místírì àti báyọ́lọ́jì. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ń fẹ́ ìṣirò, físíìsì àti kẹ́místírì. Ká ní ọmọ kan ṣe kọmáṣà, tó gba A1 nínú akáǹtì àti nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, tó wá fẹ́ di nọ́ọ̀sì ní ìparí SS3: A1 wọ̀nyẹn kò lè rọ́pò kẹ́místírì tí kò kà. Ọmọ sáyẹ́ǹsì tó fi ìmọ̀ ọrọ̀ ajé kún tirẹ̀ ṣì lè yà sí kọ́ọ̀sì ọrọ̀ ajé, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń ti ọmọ sí sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí físíìsì kò yé, tó wá gba D7 nínú rẹ̀ àti nínú kẹ́místírì, ti pàdánù krédíìtì tí ì bá rí gbà ní àáàtì láìṣe wàhálà púpọ̀. Ìpalára gidi ni èyí.

Nítorí náà, láti orí kọ́ọ̀sì ló yẹ kí yíyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìlànà ìgbàwọlé tí JAMB ń gbé jáde máa ń to ẹ̀kọ́ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ó sì yẹ kí òbí àti ọmọ jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí SS1 tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kan gbà, òmíràn lè má gbà á. Ẹni tí ẹ̀kọ́ kan kù fún lè tún ìdánwò ṣe gẹ́gẹ́ bí olùṣèdánwò àdáni, ìyẹn ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láìgba ilé ẹ̀kọ́ kọjá, kó fi ìjókòó kejì kún ti àkọ́kọ́, àmọ́ àwọn yunifásítì kan kì í gba ìjókòó méjì fún ìmọ̀ ìṣègùn.