Gèlè pupa nínú fọ́tò dúdú-funfun

Ẹ mú fọ́tò obìnrin kan tó ń wòran Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu. Ojú, ògiri, ilẹ̀, àwọn onílù, gbogbo rẹ̀ ti di dúdú-funfun. Gèlè orí rẹ̀ nìkan ló pupa bí ìkóódẹ. Ẹni tó bá rí i á ní wọ́n kun gèlè náà ni. Wọn ò kun ún. Ó ti pupa tẹ́lẹ̀. Àwọn yòókù ni wọ́n gba àwọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe kékeré. Òun ló ń mú kí èèyàn gbé fọ́tò ìyá àgbà, èyí tí wọ́n yà ní dúdú-funfun láyé àtijọ́, tọ oníṣẹ́ lọ ní Àjàṣẹ́ pé kó bá òun dá àwọ̀ gèlè rẹ̀ padà. Èwo ló fẹ́ dá padà?

Nínú fọ́tò aláwọ̀, nọ́ńbà mẹ́ta ló wà nínú píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, ti búlúù, láti 0 dé 255. Láti sọ ọ́ di àwọ̀ eérú, ìyẹn dúdú-funfun, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n mú nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 lára pupa, 59 lára àwọ̀ ewé, 11 lára búlúù, kí wọ́n sì rò wọ́n pọ̀. Àwọ̀ ewé gba ìpín ọba torí pé òun ló ń mọ́lẹ̀ jù lójú èèyàn. Bí gèlè bá jẹ́ 200, 30, 40, ó di 82. Bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ 50, 105, 50, òun náà di 82. Ta ló máa wo 82 méjì kó mọ èyí tó jẹ́ gèlè? Áàpù tó bá ní òun mọ̀ ń méfò ni.

Ẹni tó mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Aláró á fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ funfun, á rì í sínú aró, ẹ̀kọ ò ní jẹ́ kí aró wọlé. Tó bá fọ̀ ọ́ tán, funfun yọ. Ta ló kun funfun yẹn? Ara aṣọ ló wà. Bí ẹ̀kọ bá sán, aró á gba ojú sísán náà wọlé, á fà bí iṣan. Àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí kọ̀ǹpútà ti gbọ́n ju aláró lọ rèé: lẹ́yìn tí aṣọ ti jáde nínú aró, ó ṣì lè yí ẹ̀kọ padà. Fọ́tò aláwọ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ̀dà eérú wà lókè rẹ̀, kò sì sí èyí tó ba èkejì jẹ́, àfi tí wọ́n bá pa méjèèjì pọ̀ di fáìlì fọ́tò JPEG kan ṣoṣo. Nígbà náà, aró ti mu.

Áàpù tó ń sọ Faransé ń pe ẹ̀kọ ti kọ̀ǹpútà yìí, èyí tó ń pinnu ibi tí eérú máa hàn, ní masque. Ará Kétu lè gbọ́ ọ kó rántí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àmọ́ igi yẹn kì í bo ojú, orí ni wọ́n ń gbé e sí. Aṣọ tó rọ̀ sílẹ̀ ló ń bo ojú oníjó, oníjó sì ń ríran gba inú rẹ̀. Aṣọ yẹn ni masque jọ. Níbi tó bá ti funfun, eérú òkè hàn. Níbi tí wọ́n bá kùn ní dúdú, eérú kúrò lọ́nà, àwọ̀ ìsàlẹ̀ yọ. Níbi tó bá wà láàárín méjèèjì, àwọ̀ á yọ díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n lè fi ìka kùn ún, èyí tó lọ́ra tó sì dájú. Wọ́n sì lè fọwọ́ kan gèlè kí áàpù kó gbogbo ohun tó pupa fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ Kétu á fi èyí ṣẹ̀sín, torí ilẹ̀ ibẹ̀ náà pupa. Ojú èèyàn pàápàá á wọ̀ ọ́: àwọ̀ ara wa, bó dúdú bó pọ́n, inú ìdílé àwọ̀ ọsàn ni kọ̀ǹpútà ń kà á sí, aládùúgbò pupa sì ni ọsàn. Ẹni tó bá wé gèlè búlúù ti gba oníṣẹ́ lọ́wọ́ wàhálà.

Etí gèlè ni iṣẹ́ gidi wà. JPEG inú fóònù ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọ̀ kan ṣoṣo ló sábà ń fún píksẹ́lì 4, kí fáìlì má bàa tóbi. Nínú fọ́tò aláwọ̀, ojú kì í rí i. Ẹ wá sọ àyíká gèlè di eérú: pupa tó ti ṣàn kọjá etí á hàn lára ògiri bí epo tó ta sí aṣọ funfun. Wọ́n á wá fa masque sẹ́yìn ní píksẹ́lì kan tàbí méjì, kí etí rẹ̀ sì rọ̀. Iwájú orí ńkọ́? Tí oòrùn bá bá gèlè pupa, pupa rẹ̀ á ta sí ara ẹni tó wé e. Tí wọ́n bá sọ iwájú orí di eérú pátápátá, gèlè á dà bí èyí tí wọ́n gé wá láti ibòmíì. Oníṣẹ́ tó mọwọ́ ẹ̀ á fi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kò ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Kò sẹ́ni tó máa rí i, gèlè á kàn jókòó dáadáa sórí obìnrin náà.