Tí Wárápá Bá Gbé Ènìyàn Ṣánlẹ̀ Lójú Yín

Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà ni mo kọ́kọ́ rí. Iná ti jó o lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ojú ọgbẹ́ ti jinná, ṣùgbọ́n awọ ibẹ̀ hunjọ. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ aránṣọ ni, ọmọ ọdún 19. Wárápá gbé e ṣánlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ìfófó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ bá sá jáde. Àwọn tó padà wá ràn án lọ́wọ́ fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀ tipátipá títí eyín méjì fi kán, wọ́n sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná kó lè tètè jí. Ìyá rẹ̀ ní, "Dókítà, ẹ má bínú, ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn àgbà nìyẹn." Mi ò bínú sí ìyá. Ṣùgbọ́n gbogbo àpá tó wà lára ọmọ yẹn, ọwọ́ àwọn tó fẹ́ ẹ fẹ́re ló ti wá.

Itọ́ lásán ni ìfófó yẹn. Ẹni tí wárápá mú kò lè gbé itọ́ mì, èémí tó ń gba ẹnu jáde ló ń po ó bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ho ọṣẹ. Bó bá gé ahọ́n jẹ, ẹ̀jẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ bá a jẹun nínú abọ́ kan, ẹ bá a sùn lórí ẹní kan, kò lè ràn yín. Inú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ náà wà: iná kékeré tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara ló ṣàdédé ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó fà á lè jẹ́ pé ẹni náà kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, ó lè jẹ́ orí tó fọ́ nínú jàǹbá ọ̀kadà, tàbí àrùn yírùnyírùn, tàbí rọpárọsẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, a kì í rí ìdí kankan.

Tó bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ kọ́kọ́ wo aago. Ẹ gbé iná àti ohun mímú kúrò nítòsí, ẹ ki aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ tú ohun tó fún un lọ́rùn. Ẹ má dì í mú. Ẹ má ki ohunkóhun sí i lẹ́nu: kò sẹ́ni tó lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Bí gbígbọ̀n náà bá ti ń rọlẹ̀, ẹ yí gbogbo ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde. Epo pupa, omi, àgbo, ẹ má fi ìkankan sí i lẹ́nu kó tó jí dáadáa. Bó bá ti tọ̀ sára, ẹ fi aṣọ bò ó kó tó lajú. Ó sábà máa ń dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 3. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, bí òmíràn bá tún dé kó tó jí, bó bá jẹ́ aláboyún, tàbí tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Wárápá mìíràn kì í gbé ènìyàn ṣubú rárá. Ọmọ á kàn dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, á tẹjú mọ́ ibì kan fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á sì tún máa bá ìwé rẹ̀ lọ. Tíṣà á ní kò fọkàn síṣẹ́, á nà án. Àgbàlagbà lè máa jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, kó máa fa aṣọ ara rẹ̀, kó má sì rántí. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn ará ilé pé kí ẹnì kan fi fóònù ká fídíò rẹ̀. Ẹ̀rọ EEG tí a fi ń wo iná ọpọlọ lè ní kò sí nǹkan kan lára ẹni tó ní wárápá. Fídíò yẹn ti là mí lójú jù ú lọ lọ́pọ̀ ìgbà.

Gìrì tí ibà máa ń fà fún ọmọ láti oṣù 6 sí ọdún 5 kì í ṣe wárápá, ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ náà wá lọ́jọ́ náà gan-an, torí ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn tó ti wọ ọpọlọ. Ìtọ̀ màlúù tí wọ́n fi ewé tábà sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á nù. Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, gìrì mìíràn ló sì ń dá sílẹ̀.

Nípa oògùn, phenobarbital ti wà láti 1912, kò sì wọ́n. Nínú ènìyàn 10 tó bá ń lo oògùn tó bá wọn mu déédéé, bíi 7 lè wà láìṣubú mọ́. Èyí tó ń dùn mí ni dídá oògùn dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ aránṣọ yìí: oṣù mẹ́ta kọjá tí kò ṣubú, ilé ní ó ti sàn, wọ́n pa oògùn tì. Ó kéré tán, ọdún 2 láìṣubú ni dókítà fi ń rò ó pé kí a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Obìnrin tó ṣì lè lóyún, kí ó béèrè bóyá oògùn wárápá tí wọ́n ń pè ní sodium valproate ni wọ́n fún un, torí ó lè ṣe ọmọ inú oyún léṣe. Ṣùgbọ́n kí ó má fúnra rẹ̀ dá a dúró.

Ó ti padà sídìí ẹ̀rọ báyìí. Ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ lé e wá lóṣù tó kọjá, ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń yí ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́. Mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ yàrá iṣẹ́ mi, ó sì yí mi lẹ́ẹ̀mẹta títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn.