Bí sátẹ́láìtì ṣe ń ṣọ́ igbó

Ilé ìwádìí bíi World Resources Institute, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1982, ò ní ọlọ́pàá, kò sì lè fòfin de ẹnikẹ́ni, ohun tó lè ṣe ni kó tú àṣírí síta kí ẹni tágbára wà lọ́wọ́ ẹ̀ má lè sọ pé òun ò mọ̀. Iṣẹ́ tí Global Forest Watch wọn, ìyẹn máàpù tó ń fi ibi tí wọ́n ti ń pagbó hàn, ń ṣe nìyẹn. Irú èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí jáde ní 2014, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ti ní dátà lórí fóònù lè ṣí máàpù ẹ̀.

Àwọn sátẹ́láìtì Landsat ti Amẹ́ríkà máa ń ya fọ́tò ilẹ̀ láti nǹkan bíi 700 kìlómítà lókè. Ibi tó kéré jù tí fọ́tò yẹn lè dá mọ̀ jẹ́ 30 mítà níbùú lóròó, ó fi díẹ̀ ju plọ́ọ̀tì ilé kan lọ. Ewé tútù máa ń dá irú ìmọ́lẹ̀ kan tójú wa ò rí padà sókè, ilẹ̀ tí wọ́n ti gégi orí ẹ̀ ò ní dá a padà bẹ́ẹ̀, torí náà kọ̀ǹpútà á fi fọ́tò tuntun wé ti tẹ́lẹ̀, ibi tó bá yí padà ló máa fàmì sí. Ìkùukùu ló máa ń da iṣẹ́ yìí rú, ìyẹn ni wọ́n fi fi rédà Sentinel-1 ti Yúróòpù kún un, ìkùukùu ò dí ìyẹn lójú, ọ̀sán òru kan náà ni lójú ẹ̀.

Ẹ má kàn rí àmì kẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ ariwo o. Igi tó bá ti ga ju mítà 5 lọ, igi ni lójú máàpù yìí, kò mọ̀ bóyá gbígbìn ni wọ́n gbìn ín. Igi Gmelina tíjọba gbìn sígbó Ọmọ́ àti Olúwa torí ilé iṣẹ́ bébà Ìwópin, tí wọ́n bá gé e, àdánù ló máa kà á sí, bíi ti ẹni tó pa igbó àtayébáyé torí kòkó.

Àmì nìkan ò sì lè lé onígẹdú. Ní Loreto, lórílẹ̀-èdè Peru, ọ̀pọ̀ abúlé inú igbó Amazon ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, làwọn olùwádìí bá yan 39 nínú abúlé 76, wọ́n ń kó fọ́tò sínú fláàṣì, ẹnì kan á wọkọ̀ ojú omi gbé e lọ fún wọn lóṣooṣù. Wọ́n kọ́ èèyàn mẹ́ta lábúlé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe máa fi fóònù tọpa àmì náà wọgbó. Tá a bá fi wọ́n wé àwọn abúlé tó kù, lọ́dún àkọ́kọ́, igbó pípa dín kù ní ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún, lọ́dún kejì ìdá 21. Tí wọ́n bá débẹ̀ bá àjèjì tó ń gégi, ará abúlé ló máa jókòó sọ ọ́ bóyá àwọn á lé e fúnra wọn ni àbí àwọn á pe ìjọba.