Ọṣẹ Dúdú Kò Ní Kẹ́míkà, Kí Ló Dé Tó Fi Ń Ta Mí Lójú?

Ìbéèrè: Ọṣẹ dúdú tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sí mi máa ń ta mí lójú. Kì í ṣe ẹyinjú ni mò ń wí o, awọ ojú ni. Ṣé kì í ṣe pé kò sí kẹ́míkà kankan nínú rẹ̀ ni?

Ó wà níbẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á sá èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà títí yóò fi gbẹ, wọ́n á jó o di eérú, wọ́n á wá da omi sí eérú náà nínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí. Omi tó ń kán sísàlẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́míkà. Bó bá ta sí ọwọ́ tó ní egbò, ẹ óò fò sókè. Ìgbà tí wọ́n bá sè é pọ̀ mọ́ àdín ni àwọn méjèèjì jọ ń di ọṣẹ.

Bí omi eérú bá pọ̀ ju àdín lọ, èyí tí kò rí òróró bá lò á kù sínú ọṣẹ, awọ ojú yín ni yóò sì bá jà. Kò sẹ́ni tó ń fi òṣùwọ̀n wọn agbára eérú lágbàlá. Èèpo ti ọ̀sẹ̀ yìí kò sì jọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ tí ẹnì kan náà pò fi lè tù yín lára lóṣù yìí, kó sì jó yín lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọṣẹ a máa fi orí ahọ́n tọ́ ọ wò. Bó bá ta ahọ́n bí ìgbà tí eèrà géni jẹ, kò tíì ṣe é lò.

Ìbéèrè: Bó bá wá jinná dáadáa ńkọ́, ṣé mo lè fi bọ́jú?

Fún ara, kò burú. Fún ojú ẹlẹgẹ́, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Awọ ara ènìyàn kan díẹ̀, bí omi ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan. Lórí òṣùwọ̀n pH, níbi tí omi lásán ti wà ní 7, tí nǹkan kíkan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, awọ ojú wà ní nǹkan bí 4.5 sí 5.5. Ọṣẹ tí wọ́n fi òróró àti omi eérú ṣe, tàbí òróró àti sódà, yálà dúdú yálà funfun, sábà máa ń wà ní 9 sí 10. Ẹ má fojú kékeré wo àlàfo yẹn: ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo lórí òṣùwọ̀n náà jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Awọ tó lágbára á tún ara rẹ̀ ṣe láàrin wákàtí mélòó kan. Awọ ẹlẹgẹ́ kò tíì tún ti àárọ̀ ṣe tán tí ẹ ó fi da ti ìrọ̀lẹ́ lé e.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọṣẹ kan le jù fún mi?

Ẹ bọ́jú, ẹ nù ún, ẹ má fi nǹkan kan pa á. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá fà bí awọ gángan, ọṣẹ yẹn ti le jù. Wọ́n tọ́ ọ̀pọ̀ wa dàgbà pé bí ara bá ń dún lábẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn ìwẹ̀, ó mọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni, fún abọ́ ọbẹ̀. Ní ti ojú, ọ̀rá tó yẹ kó wà níbẹ̀ lẹ ti fọ̀ dànù yẹn.

Ẹ má sì dúró de ìgbà tí ojú bá pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n lè má hàn rárá. Á máa yún yín, á máa ta yín, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni àmì dúdú á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu tàbí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì lè gbé oṣù mélòó kan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wọlé. Ẹni tí ọṣẹ líle fún ní àmì á lọ ra ọṣẹ tó ń bóra láti fi pa àmì rẹ́. Èmi náà ti kó sí i rí. Ìyá tó tà á fún mi ní ojú mi á "mọ́" láàrin ọjọ́ méje. Bíbó ló bó.

Ìbéèrè: Kí ló wà nínú ọṣẹ abóra yẹn gan-an?

Ó yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni mẹ́kúrì. Ó ń dí awọ lọ́wọ́ kó má lè pèsè àwọ̀ dúdú rẹ̀, ó sì ń gba awọ wọ inú ara lọ ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn Minamata, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí mẹ́kúrì ní ọdún 2013, fi 2020 ṣe òpin fún irú ọṣẹ àti ìpara bẹ́ẹ̀, NAFDAC náà kò fọwọ́ sí i ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá rí "mercury", "mercuric iodide" tàbí "calomel" lára páálí, ẹ dá a padà. Èyí tí páálí rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ dá ìyẹn náà padà.

Ìbéèrè: Ọṣẹ apakòkòrò ńkọ́?

Ẹ fi sílẹ̀. Ní 2016, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, yọ triclosan àti èròjà méjìdínlógún mìíràn kúrò nínú ọṣẹ apakòkòrò inú ilé, torí àwọn tó ń ṣe é kò rí ẹ̀rí mú wá pé ó sàn ju ọṣẹ lásán àti omi lọ.

Ìbéèrè: Kí wá ni kí n rà?

Ohun kan wà tó dà bí ọṣẹ, tó ń ho bí ọṣẹ, àmọ́ tí kì í ṣe ọṣẹ. Syndet ni wọ́n ń pè é. Kò sí omi eérú, kò sí sódà tó ń bá òróró jà nínú rẹ̀. Èròjà ìfọdọ̀tí mìíràn ni wọ́n fi ṣe é, pH rẹ̀ kì í sì í sábà kọjá 7. Dove, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1957, wà lára wọn. Ẹ yí páálí wò lẹ́yìn. Bí ohun àkọ́kọ́ bá jẹ́ "sodium palmate" tàbí "sodium tallowate", ọṣẹ gidi nìyẹn. Bó bá jẹ́ "sodium cocoyl isethionate", syndet ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá "fragrance" tàbí "parfum". Òórùn dídùn ni mo máa kọ́kọ́ yọ kúrò bí ojú mi bá ń bínú, kí n tó dá ohunkóhun mìíràn lẹ́bi. Ẹ ṣọ́ra fún "unscented": wọ́n lè fi òórùn kan bo òmíràn mọ́lẹ̀ níbẹ̀. "Fragrance-free" lẹ fẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, omi yín náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Omi tó le ni, ọṣẹ gidi kì í fẹ́ ho nínú rẹ̀, ó sì ń fi ìdọ̀tí funfun sílẹ̀ lára. Syndet kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa dán an wò?

Ẹ fi pa inú apá, níbi tó ti ń ṣẹ́ po, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, kí ẹ máa ṣàn án kúrò bí ẹ ó ṣe ṣe sí ojú. Bí kò bá yún, ẹ gbé e lọ sójú: omi lọ́wọ́ọ́rọ́, ọwọ́ lásán, kànìnkànìn kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Bí ojú bá wú tàbí tó lé ròrò, dókítà awọ ara ló kàn.

Ìbéèrè: Ṣé kí n wá ju ọṣẹ ìyá mi nù?

Ẹ̀wọ̀! Ẹ fi wẹ ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn. Awọ ibẹ̀ nípọn ju ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Bí wọ́n bá pè yín, tí wọ́n bi yín bóyá ẹ ń lò ó, ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ ò purọ́.